Àyè Àárín Koríko

Tato, bàbá mi,

Ẹ kú òtútù oko o. Ara mi le koko ní Toronto níbí, ebi kò sì pa mí rárá. Pòtétò tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mò ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni mò ń jẹ lálẹ́.

Mo ti ṣe ìdánwò ìwọlé ilé ìwé oníṣègùn eyín. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí tiẹ̀ sàn díẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣubú! Wọ́n ya àwòrán búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra, wọ́n ní ká ka àtèyí tójú rí àtèyí tó fara pamọ́. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé èyí tó wà lókè kò lè jókòó sórí afẹ́fẹ́. Èmi ń yọ ti àárín kúrò nínú kíkà ní tèmi. Joelle tá a jọ ń kàwé bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ oko yìí, ta ló jí búlọ́ọ̀kù àárín kó?"

Ṣé ẹ rántí bá a ṣe ń to koríko màlúù sínú àká, tí ẹ ń pariwo: "Larysa, fi àyè sílẹ̀ láàárín kó lè mí! Àbí o fẹ́ kó gbóná, kó gbiná mọ́ wa lórí?" Òórùn koríko yẹn ò tíì kúrò nímú mi.

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ pa Burko ajá wa lórí. Tato, bí ẹ ṣe kọ́ mi láti to koríko ni mo ṣe to lẹ́tà yìí: mo fi àyè sílẹ̀ láàárín fún ohun tí mi ò kọ.

Ọmọ yín,
Larysa