Fọ́ọ̀mù Singapo Tí Mo Bá Thắm Kọ

Thắm ọmọ mi,

Ara mi le, mo sì ti sun tùràrí fún olóògbé bàbá rẹ láàárọ̀ yìí, mo ní kó máa fojú tó ọ láàárín àwọn àgbá irin tó ò ń ṣọ́ ní Biên Hòa. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òórùn ọ̀dà ilé iṣẹ́ yín ò dí ọ nímú mọ́? Kí ọ̀run má jẹ́ kí n gbọ́ ibi nípa rẹ. Ẹja kéékèèké ti ń wọlé láti òkun, mo ti fi ẹja àti iyọ̀ kún àgbá onígi mẹ́rin, omi ẹja oníyọ̀ ti èṣí tí à ń bù sọ́bẹ̀ sì ti pọ́n dáadáa, mo gbé ìgò méjì pamọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní ilé iṣẹ́ tó fẹ́ mú ọ lọ sí Singapo ò ní dúró kọjá ọjọ́ Ẹtì, pé bí òǹtẹ̀ ìlú wa ò bá sí lórí fọ́ọ̀mù ìtàn ìdílé àti iṣẹ́ rẹ, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú. O tún ní níbi tó o wà, ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, pé bí èyí bá bọ́, àfi kó o máa fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọdún márùn-ún lo fi kàwé ẹnjiníà kẹ́míkà.

Mo fọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìrírí iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé láti ọmọ ọdún méje lo ti ń fa omi ẹja nísàlẹ̀ àgbá, tó o sì ń dà á padà sókè. Ọ̀gbẹ́ni Tấn, akọ̀wé ọ́fíìsì ìlú, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó ní ìyá Thắm, ẹ má dójú ti ọmọ yín o, epo rọ̀bì ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹja rírùn. Mo ní kó sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣé àgbá kọ́ ni? Ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan wọlé, ó sì di nǹkan mìíràn kó tó jáde? Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni pé ẹ kì í tọ́ ohun tó wà nínú àgbá yín wò. O ní mítà lẹ̀ ń wò. Ṣé mítà ní ahọ́n ni? Bi ọ̀gá rẹ léèrè, ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í.

O ní kí n ya fọ́tò ìwé náà, kí n fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo yà á, òǹtẹ̀ pupa náà hàn, ṣùgbọ́n mo fi ìka nù ún lórí fóònù, yíǹkì rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ rárá. Òǹtẹ̀ wo nìyẹn? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ojúlówó rẹ̀ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọjọ́rú la wà, á bá ọ lọ́la.

Nǹkan kan kù. Wọ́n béèrè àwọn tó ò ń gbọ́ bùkátà wọn, mo sì kọ ọ́ pé kò sí. Ọ̀gbẹ́ni Tấn gbójú sókè, ó ní ẹ̀yin ńkọ́. Mo ní àgbá mi ló ń bọ́ mi, kó lu òǹtẹ̀ tiẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìyá arúgbó níbẹ̀, wọ́n lè ní o ò ní lè jìnnà sílé.

Jọ̀ọ́, fi owó iyọ̀ ránṣẹ́. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ inú ògiri yẹn máa ń bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo fẹ́ owó náà lóòótọ́, bí ẹni pé mo wá jalè. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ohun tó o bá dáwọ́ lé á yọrí. Fọ́ọ̀mù nìkan ni kó o fún wọn o, má fi lẹ́tà yìí mọ́ ọn, nítorí irọ́ ni mo pa níbi bùkátà yẹn. Ìwọ nìkan ni mo ní.

Èmi ni,
Màmá rẹ