Akọ̀wé Tuntun Tí O So Mọ́ Fọ́ọ̀mù Màmá Rẹ

Ọmọ mi, ẹyinjú mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ò ń rí oorun sùn dáadáa, àti pé ọ̀gá rẹ tí kì í yé pariwo ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí. Orúnkún mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́. Màmá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun lásìkò.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn. Àbí kí ni kí n pè é? Ìwọ pè é ní aṣojú. O ní ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, pé ó lè ka ohun tí èèyàn bá kọ sínú fọ́ọ̀mù orí ìkànnì iṣẹ́ wíìgì màmá rẹ, kó dá ẹni náà lóhùn, kó sì bá a mú ọjọ́ tó máa wá. Ní ti màmá rẹ, Akọ̀wé Tuntun ló ń pè é. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé ẹjọ́, èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Bó bá ti ń fi abẹ́rẹ́ rán irun mọ́ àwọ̀n wíìgì lórí tábìlì ńlá yẹn, èmi á jókòó sí òdì kejì, màá máa ka ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà sí i létí. Àwọn tí ìtọ́jú àìsàn ti jẹ́ kí irun wọn re ló pọ̀ jù nínú wọn, èsì wọn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré kọ. Màmá rẹ á sọ tirẹ̀ ní ṣókí, èmi á wá tún un tò kó lè dùn ún kà. Á ní, "Akọ̀wé, ẹ rọra o, ẹni yìí ń bẹ̀rù." Tàbí, "Akọ̀wé, ìyẹn ti le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀." Bí ìrọ̀lẹ́ wa ṣe máa ń rí nìyẹn. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

O rántí ọjọ́ tí o pè wá tí o ní ká ṣí ibi tí wọ́n ti ń to fọ́ọ̀mù náà. Èmi ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. O ní, "Dádì, ẹ da ọ̀rọ̀ gígùn tí mo fi ránṣẹ́ kọ síbẹ̀, òun ni kọ́kọ́rọ́ tí aṣojú máa fi wọlé. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kan yẹ̀ o." Mo dà á kọ síbẹ̀. O tún ní kí n fi ibi tí aṣojú á ti máa ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn án: orúkọ síbí, ìwọ̀n orí sọ́hùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá sísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wá jókòó sórí àga mi.

Nígbà tí o wá ní ká dán an wò, èmi tí orí mi ti pá kí a tó bí ọ, mo kọ ọ́ pé mò ń wá wíìgì. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti dáhùn. Ó kí mi, ó bá mi dárò irun tó re, ó wá bi mí bóyá awọ orí máa ń ta mí bí nǹkan bá kàn án, torí àwọ̀n kan wà tó rọ̀ ju èkejì lọ. Màmá rẹ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí! Akọ̀wé Tuntun dé o!" Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín kèékèé lórí fóònù. Mo bá yín rín in, àmọ́ ètè lásán ni mo fi rín in.

Láti ọjọ́ náà, kí màmá rẹ tó bi mí bóyá mo jí ire, á ti béèrè ohun tí Akọ̀wé Tuntun ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní kí n wá wo bó ṣe dá obìnrin kan lóhùn. Mo ní, "Èmi náà ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin á kọ́kọ́ wá awò ojú yín káàkiri ilé." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ mi, àgbàlagbà bíi tèmi ń jowú ohun tí kò ní imú! Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá máa ka gbogbo èsì tó kọ lọ́jọ́ náà, mò ń wá àṣìṣe. Lọ́jọ́ tí mo rí i pé ó gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kan, inú mi dùn bíi kí n jó.

Ìgbà tó yá ni mo rí ohun tí mò ń wá, bí mo ṣe rò. Olùkọ́ kan wà tí màmá rẹ ń ṣe wíìgì fún. Màmá rẹ fúnra rẹ̀ ló wọn orí obìnrin náà, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọkọ rẹ̀ ló wá kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Níbi tó yẹ kó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á, ó kọ ọ́ pé, "Ìyàwó mi kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣeun." Aṣojú rẹ dáhùn pé òun ti gbọ́, òun ti fagi lé ọjọ́ náà, àti pé bí wọ́n bá tún fẹ́ nǹkan, kí wọ́n má jìnnà sí wa.

Mo fò dìde. Mo gbé kọ̀ǹpútà sáré jáde sí pálọ̀. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Akọ̀wé Tuntun yín! Èèyàn kú, ó ní kí wọ́n má jìnnà sí wa! Ṣé èmi lè kọ irú èyí?" Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ màmá rẹ. Wíìgì olùkọ́ náà gan-an ló wà lórí itan rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Obìnrin yẹn kú," ó ní, "ẹ̀yin wá ń yọ̀?" Ó gbé wíìgì náà mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí màá gbé kọ̀ǹpútà sí. Mo ní ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ rẹ̀, ká bá a kẹ́dùn bó ṣe yẹ. Mo tẹ nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìbànújẹ́ kí i, mo ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Ọkùnrin náà pariwo: "Bàbá, ta ló kú? Ẹ má bá mi pa ìyàwó mi o! Irun ló hù! Ó le gan-n-gan bíi búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi nǹkan kan bò ó."

Ìyàwó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí wa, ó bẹ màmá rẹ pé kó má bínú sí wàhálà tó ti ṣe lórí wíìgì. Ó wá ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn lórí ìkànnì yín. Nígbà tí irun mi kọ́kọ́ ń re, òun nìkan ni mo rí bá sọ ọ́." Mo ní ẹ̀rọ mà ni. Ó ní òun mọ̀, a kọ ọ́ síbẹ̀, ohun tó jẹ́ kí òun lè sọ ọ́ nìyẹn, torí òun ò fẹ́ kí ojú kankan wo òun bí òun ṣe ń sunkún. Ìyẹn náà tún gún mi. Ṣùgbọ́n mo bá a yọ̀ pé irun rẹ̀ ti hù.

Nígbà tí màmá rẹ nu ojú rẹ̀ tán, ó bi mí pé, "Kí ni nǹkan yìí fi ṣe yín gan-an?" Mo ní, "Ó gba àga mi."

Ó gbé wíìgì náà sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo bẹ ọmọ yín pé kó so ó pọ̀. Mo rí bí ẹ ṣe ń nu ojú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mo ní kí ojú yẹn sinmi, ká lè jókòó pọ̀ láìsí iṣẹ́ kankan láàárín wa. Àfi bí ẹ ṣe gbé e wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Mò ń dá jókòó sí pálọ̀. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló yẹ kó jowú?"

Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ àwíjàre ní ilé ẹjọ́, mo mọ̀ pé mo ti jẹ̀bi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. A jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, à ń wo àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó ní ìka mi ti tutù jù.

N kò ní purọ́ fún ọ, owú náà ò tíì tán. Àmọ́ a ti pín iṣẹ́. Aṣojú ló ń dáhùn lórí fọ́ọ̀mù, èmi ni mò ń fi fóònù pe àwọn tó ti gba wíìgì wọn, láti mọ bó ṣe jókòó lórí wọn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ọ: bá mi sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ pé òun ò nílò rẹ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ fi hàn wá kó tó fèsì. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ òótọ́.

Ọ̀nà rẹ á là. O ò ní fi omijé wá ohun tó jẹ́ tìrẹ. Àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún á mọyì rẹ, ẹni tí yóò sì jókòó tì ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ kò ní ṣì ọ́ mọ̀. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Màmá rẹ gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi kà kí n tó fi sínú àpòòwé. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sunkún tó bí mo ṣe kọ ọ́. Má gbà á gbọ́. Mo wà níbẹ̀.