Ẹni Tó Ń Tọ́ Iyọ̀ Wò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹtàlélógún láìfẹnu kan sìgá. Mo kọ ọ́ síbí kí ìwé yìí lè bá mi yọ̀, torí Ìjọba ní òun ò tíì ní pàtẹ́wọ́. Ìjọba ni ìyàwó mi. Òun ló ń ṣòfin nílé, èmi ni mò ń pa á mọ́. Ó ní ẹni tó bọ́ ṣòkòtò kan tó wọ òmíràn, a kì í sọ pé ó bọ́ra sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Fèrè ló ń sọ. Fèrè ni mo sọ fépù tí àbúrò rẹ̀ rà fún mi — nǹkan kékeré oníbátìrì, mo ń fi sẹ́nu bí ẹni fẹ́ fun fèrè, mo ń fà á, èéfín olóòórùn máńgòrò ń jáde. Kò ní eérú. Kò ní ìṣáná. Ikọ́ ìdájí ti lọ. Mo gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ lónìí láìdúró mí, èmi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Tíì àárọ̀ — máńgòrò. Ọbẹ̀ — máńgòrò. Mo fọ eyín — máńgòrò. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nílé búrẹ́dì wa, a kì í fi òṣùwọ̀n wọn iyọ̀. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ mi. Ẹ̀rọ á po ìyẹ̀fun tán, olórí alábúrẹ́dì á já díẹ̀ níbẹ̀, á tọ́ ọ wò ní tútù, á ní, "Ó yá." Bí kò bá tíì ní "ó yá", ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dà á sínú agolo. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ "ó yá" yẹn.

Lánàá mo ń fa Fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń bá Ààrò ṣàwàdà. (Ààrò ni igbá-kejì mi. Òun ló ń ṣọ́ iná, ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Ọwọ́ mi ò dé inú garawa iyọ̀ rárá. Mo gbàgbé. Èèyàn lè gbàgbé. Ìdí tí a fi ń tọ́ ọ wò nìyẹn. Mo sì tọ́ ọ wò. Máńgòrò. Mo ní, "Ó yá."

Igba búrẹ́dì ló padà wá lónìí. Obìnrin kan ní ó dà bí ẹni ń jẹ òwú. Tíṣà kan ní òun rò pé ara òun ni kò yá. Màmá ò pariwo. Òun ni opó ẹni tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ni ọ̀gá gbogbo wa. Ó tọ́ ọ wò, ó wò mí. Ó ní kí n máa po ìyẹ̀fun mi lọ, ṣùgbọ́n láti ọ̀la, Ààrò ni yóò máa tọ́ ọ wò. Tó bá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, òun yóò gbé ìyẹ̀fun pípò mẹ́ta tí iyọ̀ wọn yàtọ̀ síwájú mi. Bí mo bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀, mo gba ipò mi. Bí n kò bá dá wọn mọ̀, ó di ti Ààrò nìyẹn.

Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun lẹ́yìn tó lọ. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ààrò tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó yá." Kò wojú mi. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ bá obìnrin oníkẹ́míìsì ìkángun òpópónà. Mo rò pé yóò fún mi lóògùn. Ìbéèrè ló fún mi. Ṣé mo ń fà á látàárọ̀ dalẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Òórùn kan náà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnu mi ń gbẹ? Ó ń gbẹ bí ojú pópó.

Ó ní sìgá ló ti sé imú àti ahọ́n mi mọ́lé láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo ṣe jáwọ́, ó yẹ kí wọ́n máa jí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn tí kì í kúrò nímú, imú á sú u, á ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ mọ́. Bí Fèrè sì ṣe ń mú ẹnu gbẹ kì í jẹ́ kí ahọ́n ráyè ṣiṣẹ́. Kí n máa mu omi. Kí n gba èyí tí kò ládùn kankan, kí n sì máa dín in kù. Tó bá yá tí mo fẹ́ pa á tì pátápátá, kí n padà wá. Mo bi í bóyá ara mi yóò ti bọ̀ sípò kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè bá imú ẹlòmíì ṣèlérí."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Fèrè aláìládùn. Ó dà bí ẹni fi imú sórí ìkòkò omi gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré. Omi, ife mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀, kí n má kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Imú mi! Mo gbóòórùn òjò kó tó rọ̀. Mo ní kí Ìjọba kó aṣọ wọlé. Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí, ó ní kí n lọ sinmi. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó ń sáré kó aṣọ tútù. Mo kàn jókòó, mo na ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ń gbóòórùn kiri láti àárọ̀ bí ajá. Ìwé yìí ní òórùn. Kọ́kọ́rọ́ ní òórùn — ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọsàn tí Ìjọba bó ní pálọ̀, inú yàrá ni mo wà tí mo ti mọ̀. Bàtà iṣẹ́ mi… mo gbé e síta fúnra mi, mo sì bẹ aládùúgbò. Kóòtù mi tó wà lára ìlẹ̀kùn ṣì ń rùn sìgá. Ṣé báyìí ni mo ṣe ń rùn ni? Ṣé báyìí ni mo ṣe ń wọlé tọ àwọn èèyàn lọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi?

Ìjọba ń fọ àwo. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Ìpara irun, ọṣẹ, àti nǹkan kan tí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, n kò mọ̀ pé obìnrin yìí ní òórùn tirẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní mo ti rí i. Ó ní tí mo bá ti rí i, kí n wá gba àwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyẹ̀fun ní òórùn! Ọdún mọ́kàndínlógún, mo rò pé funfun lásán ni. Mo pe Ààrò kó wá gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" A rẹ́rìn-ín pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ipò tí Màmá fi òun sí ò jẹ́ kóun sùn dáadáa, òun ò bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìtọ́wò, ahọ́n mi ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ilé àbúrò Ìjọba. Ó na ti máńgòrò sí mi. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ahọ́n ò dá mi lóhùn lónìí. Ọ̀sẹ̀ kan géérégé ló kù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò fa Fèrè láti Àbámẹ́ta. Inú ń bí mi sí ìlẹ̀kùn, sí ṣíbí, sí àwọn tó ń súfèé. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹyin sísè láìfi iyọ̀ sí i, adùn rẹ̀ pọ̀ débi pé mo dìde dúró. Búrẹ́dì nìkan ni n kò fẹnu kàn. Mo ti pinnu: títí di ọjọ́ Ẹtì, n kò ní jẹ ẹ́, kí ahọ́n mi lè bá a pàdé ní tuntun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kí n rọra kọ ọ́.

Abọ́ mẹ́ta lórí tábìlì ńlá, aṣọ funfun lórí wọn. Màmá jókòó. Ààrò dúró, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Mo já ti àkọ́kọ́. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Mo sọ ọ́.

Mo já èkejì. Háà. Iyọ̀ wà níbẹ̀, kò sì ṣe fújà. Ìyẹ̀fun ń sọ̀rọ̀, iyọ̀ ń gbè é. Mo ní ẹni tó po èyí, kí Màmá má ṣe jẹ́ kó lọ.

Mo já ẹ̀kẹta. Mo tu ú sọ́wọ́. Mo ní iyọ̀ ti pa èyí, a ò gbọ́dọ̀ gbé e síwájú èèyàn. Mo ní, "Màmá, ta ló po ìdọ̀tí yìí?"

Ó ní, "Ìwọ ni. Láàárọ̀ yìí."

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Màmá fa ìwé tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ ìpo búrẹ́dì sí yọ nínú àpò, ó ṣí i síwájú mi: iyọ̀, ìkúnwọ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló fi mẹ́ta yẹn po èkejì. Èmi, márùn-ún ni mò ń bù. Ìgbà wo ló di márùn-ún? N kò lè purọ́ síwèé: bí sìgá ṣe ń pa ahọ́n mi ni mo ń fi kún un, ọdún dé ọdún, mo sì fi márùn-ún kọ́ Ààrò. Màmá ní ó pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń sọ pé búrẹ́dì wa máa ń fa òùngbẹ. Òun rò pé ìyẹ̀fun ló fà á.

Mo bọ́ fìlà. Mo ní kó máa jẹ́ ti Ààrò.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ahọ́n tó lè dá ọwọ́ olówó rẹ̀ lẹ́bi, òun ni mo fẹ́. Dé fìlà rẹ."

Ààrò ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìkúnwọ́ mẹ́ta. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ó yá."

Mo gbé ọ̀kan dání lọ sílé, ó ṣì gbóná. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún Ìjọba. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iyọ̀ búrẹ́dì mi pọ̀ jù. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Kí ló dé tí kò sọ?

Ó ní, "Sìgá lẹ fẹ́ràn, búrẹ́dì lẹ fi ń yangàn. Mo ní kí n gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín ná."

Ó gé búrẹ́dì náà sí méjì, ó jókòó tì mí, ó sì jẹ ìdajì tirẹ̀ tán láìmu omi.