Olóògbé Ten Ruateki Tekaai, Ẹni Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ̀wé Pé Iṣẹ́ Òun Kùnà

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí olóògbé Ten Ruateki sí erékùṣù Nonouti, nínú ìjì tó ká òrùlé ilé mẹ́sàn-án lọ sínú òkun, tó wá yà fún tiwọn nítorí igbe ọmọ tuntun náà. Bí àwa ẹbí ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, a ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni já wa nírọ́ lónìí. Bàbá rẹ̀ ni Ten Tekaai (Ten là ń fi ṣáájú orúkọ ọkùnrin nílẹ̀ wa, Nei ṣáájú ti obìnrin), agbẹ́kọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré débi pé ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní láti jókòó sétí omi de òjìji ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Nei Ruuta, obìnrin tó mọ gbogbo ẹbí Nonouti dé ìran keje, tó sì mọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan tọrọ lọ́wọ́ ìran kejì.

Ní 1958 ó wọ ilé ìwé àwọn Fadá. Ní 1966 ó kọjá sí Tarawa, olú ìlú wa, ní 1971 ó gba yunifásítì Suva lọ. Wọ́n ní ó ka gbogbo ìwé tó wà ní Suva tán, ó wá ń ka ara páálí bisikíìtì. Ohun tó lọ kọ́ ni bí ìjọba ṣe ń gbé ètò kalẹ̀ fún aráàlú, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ètò náà ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Nígbà tó wálé, bàbá rẹ̀ bi í pé, “Iṣẹ́ wo nìyẹn?”

Ó ní, “Bàbá, bí ọkọ̀ gbígbẹ́ ni. Ẹ gbẹ́ ẹ tán, ẹ wá tì í sómi wò.”

“Bó bá wá rì ńkọ́?”

Ọmọ tó kàwé dé Suva yíjú sí ilé ìdáná. Ó ní òun fẹ́ jẹun.

Ní 1978, ọdún tó ṣáájú òmìnira, ó fẹ́ Nei Aroita, ọmọ erékùṣù Abaiang. Olúwa fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni olóògbé, kì í pa Máàsì jẹ. Ohùn orin rẹ̀ nìkan ló burú. Bó bá gbé orin, àwọn ajá mẹ́ta abúlé á dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyẹn tí olórí akọrin fi bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú máa ka Bíbélì.

Ní 1991 ni ọ̀gá rẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba ní Tarawa ní kó wá nǹkan ṣe sí ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa àwọn ọmọdé ní Nonouti. Omi kànga ló ń fà á. Ètò tí olóògbé gbé kalẹ̀ ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gba ìkòkò ńlá onídèérí kan, kí wọ́n máa fi se omi kí wọ́n tó mu ún. Irínwó ìkòkò ló bá ọkọ̀ dé, wọ́n ń dán débi pé àwọn ẹyẹ òkun ń fi wọ́n ṣe dígí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó lọ wò ó bóyá ètò náà ṣiṣẹ́. Ó jókòó sínú maneaba, ilé ìpàdé ńlá tí ọ̀rọ̀ ìlú ti ń wáyé, ó sì dojú kọ àwọn àgbà.

“Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìkòkò dé ọwọ́ yín?”

“Ó dé ọwọ́ wa, ọmọ wa.”

“Ṣé ẹ ń fi se omi?”

“À ń sè é. Omi náà gbóná gan-an.”

Nínú maneaba, àwọn bàbá ló ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin tó ń pọnmi a jókòó sẹ́yìn. Àwọn bàbá náà kò sì ní dójú ti àlejò tó gbé ẹ̀bùn wá. Olóògbé ti mọ èyí láti inú oyún, ìwé Suva ló mú un gbàgbé. Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé kò sí ilé tí kì í se omi ní Nonouti. Ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe igbákejì ọ̀gá, wọ́n sì fẹ́ ra irú ìkòkò yẹn fún erékùṣù márùn-ún mìíràn.

Nígbà náà ni Nei Tebenna, nọ́ọ̀sì Nonouti, wá gba oògùn ní Tarawa, ó sì yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ruateki, ìwé rẹ nìkan ló ń mu omi sísè. Ogójì ọmọ ni mo tọ́jú lóṣù tó kọjá. Ogójì náà ni kí ìkòkò tó dé.”

Olóògbé ní, “Bóyá o ṣì í kà.”

“Ọmọ tó yàgbẹ́ sí mi láṣọ, mi ò lè ṣì í kà.”

Olóògbé wọkọ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi maneaba sílẹ̀, ó ń lọ láti ilé ìdáná dé ilé ìdáná, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Bubuti ló ń ṣe. Nílẹ̀ wa, bí ìbátan bá ṣe bubuti fún ọ, ìyẹn ni pé ó tọrọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọdọ̀ fi dù ú. Bí o bá fi dù ú, ojú á tì ọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Ó ń dé ẹnu ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, á ní, “Mo wá tọrọ ìkòkò yín.”

Ìyá kan ní, “Ọmọ Ruuta, o ti pẹ́. Àna mi ti gbé e lọ sí erékùṣù Onotoa.”

Òmíràn ní, “Tèmi lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ti dé ibi ìgbéyàwó kẹta báyìí, òun ló kù kó gbéyàwó.”

Òmíràn tún ní, “Tèmi rèé, ṣùgbọ́n ẹmu àgbọn ni mò ń sè di oyin nínú rẹ̀. Na ìka wá, kí o tọ́ ọ lá.”

Nínú irínwó ìkòkò, ọ̀kànlélọ́gọ́ta ló fojú rí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i lọ́mọ.

“Ìyá, ìkòkò yín dà?”

Nei Ruuta ní, “Ó wà nílé rẹ. Ìyàwó rẹ tọrọ rẹ̀ nígbà ìrìbọmi Botika ọmọ yín. Ìwọ lo gbé e wọkọ̀. Mo di kókò babai kún inú rẹ̀, ò ń ráhùn pé ó wúwo.”

Nígbà tó dé Tarawa, ó bá ìkòkò ìjọba lórí iná tirẹ̀, wọ́n fi ń se ìrẹsì. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ ìjábọ̀ mìíràn.

Ọ̀gá ní, “Ta ló rán ọ padà síbẹ̀?”

“Àwọn ọmọ ń kú síbẹ̀, ọ̀gá.”

“Ìwọ lo kọ ọ́ pé wọn ò kú mọ́. Mo ti ka ìwé náà létí àwọn mínísítà.”

Ó délé, ó ní, “Aroita, bí mo bá kọ òótọ́ yìí, ipò igbákejì ti lọ.”

Nei Aroita ní, “Mo ti sọ fún gbogbo Abaiang nípa ipò yẹn. Àwọn òkú ibẹ̀ pàápàá ti gbọ́.” Ó kó ìrẹsì kúrò nínú ìkòkò náà. “Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ tèmi náà sí i.”

Ó kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni pé: ètò yìí kùnà, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, ọ̀kan nínú ìkòkò náà sì wà nílé mi. Wọ́n gbé olóògbé lọ síbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé àṣẹ ẹja pípa. Ọdún mẹ́ta ló fi lu òǹtẹ̀, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi tẹ́ bí ìrù ẹja.

Ní 1995 ọ̀gá tuntun pè é padà. Ètò tó mú wá nígbà náà ni táńkì onísìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ maneaba kọ̀ọ̀kan, tí òjò orí òrùlé á máa dà sí. Kò sí ìbátan tó lè gbé táńkì mọ́ abíyá wọkọ̀ lọ sí Onotoa. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n á máa tọrọ, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Sìmẹ́ǹtì tó wà kò ju ti abúlé mẹ́ta lọ, mẹ́fà sì ni àwọn tó nílò rẹ̀. Olóògbé ní kí wọ́n fi ìkarahun ṣẹ́ gègé. Abúlé mẹ́ta á gba táńkì, mẹ́ta á dúró fún ọdún kan, Nei Tebenna á sì máa ka àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ní ìhà méjèèjì. Abúlé ìyá rẹ̀ bọ́ sí ara àwọn tó máa dúró.

Nei Ruuta ní, “Tún gègé yẹn ṣẹ́.”

“Ìyá, bí mo bá tún un ṣẹ́, ta ló máa gba ohun tí mo bá kọ gbọ́?”

“Èmi tí mo bí ọ, èmi lo ń fi dán nǹkan wò.”

Kò tún un ṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ, Tioti, ọmọ ọdún méjì, kú ní abúlé náà. Nei Kabwea, ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́mọ ìyá àti bàbá rẹ̀, ló bí i. Níbi ìsìnkú, Nei Kabwea bá a níbi tó dúró sí.

“Ruateki, ṣé ọmọ mi wà nínú iye tí ò ń kà?”

“Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?”

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Iye nìkan ló wà. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún pé, àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn lóṣù kan ti dín láti ogún sí méje níbi tí táńkì wà. Níbi tí kò sí, méjìdínlógún ni wọ́n. Àwọn kan ní Tarawa ní òjò tó pọ̀ lọ́dún yẹn ló ṣe é. Olóògbé dá wọn lóhùn pé bí òjò ṣe rọ̀ níhìn-ín ló rọ̀ lọ́hùn-ún. Kí ọdún tó yí, wọ́n kọ́ mẹ́ta tó kù, wọ́n sì kọ́ ọ dé erékùṣù mẹ́jọ mìíràn. Orúkọ Tioti ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìjábọ̀ náà.

Bí àwọn abúlé mẹ́ta yẹn ò bá dúró, bóyá ìjọba ì bá sọ pé òjò ni, kí iṣẹ́ sì parí síbẹ̀. Bí wọn ò bá dúró, ọmọ yẹn ì bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwa ẹbí ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí ọ̀fun wa fi gbẹ, a ò tíì parí rẹ̀. Olóògbé kò dá ara rẹ̀ láre rí. Kò sì sọ pé òun ì bá tún gègé náà ṣẹ́.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2006, ó padà sí Nonouti. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí a ṣe ń ka ìwé nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má lè fi èsì maneaba tàn wọ́n jẹ. Lọ́dọọdún ló ń gbé ẹja yíyan lọ fún Nei Kabwea, tí í máa gbà á láì la ẹnu. Ní ọdún kẹwàá ló sọ̀rọ̀: “Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ. O ò mọ ẹja yan.”

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, olóògbé jáde láyé lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, Nei Aroita, àti àwọn ọmọ rẹ̀: Ten Bwereti, Nei Maria, Ten Iotebwa àti Nei Botika, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá tí ariwo wọn tó ti ọgọ́rùn-ún méjì.

A ti ń wá ibi tí a ó gbẹ́ ilẹ̀ sí, nígbà tí Nei Kabwea fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ibojì ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.”

Ibẹ̀ ni à ń gbé e lọ. Ruateki, ọmọ Tekaai, rọra máa sùn. Kí Olúwa fi omi tó mọ́ pàdé yín, ìwọ àti Tioti.