Ọfà Mẹ́ta Ara Páálí

Agboolé Láoyè,
Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1996.

Adéṣọlá, Àbẹ̀ní mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹnu tó bá dárúkọ rẹ níbi iṣẹ́, ire ni yóò fi sọ, o ò ní pàdé aburú lójú títì, àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Fàòsíyà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí ìbejì, ewúrẹ́ rẹ̀ náà bí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan náà, àfi bíi pé àwọn méjèèjì jọ ṣàdéhùn.

Dẹ́rẹ́bà Kọ́lápọ̀ ti gbé páálí ọṣẹ tí o fi rán an dé. Mo dúpẹ́ o, ọṣẹ náà ń ta sánsán débi pé mi ò fẹ́ fi omi kàn án. Ṣùgbọ́n páálí gan-an ló mú orí mi wú. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo rí ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn yípo, mo kígbe pé yéè, Àbẹ̀ní pàrokò sí mi! Bàbá mi máa ń gba àrokò nígbà ayé wọn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ọfà kan, ìjà nìyẹn. Ọfà tó wá tẹ̀ kọrodo, tó ń padà síbi tó ti jáde ńkọ́? Kí ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe pé ìwọ tí o ti lọ láti ọdún mẹ́rin ń bọ̀ wálé, tó bá di ọjọ́ kẹta?

Ni mo bá fi ẹfun kun yàrá rẹ, mo sá ẹní rẹ sóòrùn, mo ra àkùkọ kan, mo sì sọ fún gbogbo agboolé. Ọjọ́ kẹta pé, mo jókòó sí gáréèjì láti àárọ̀ títí wọ́n fi pèrun Magàríbà, gbogbo mọ́tò tó ti Èkó dé ni mo yọjú wò. Kí n má purọ́ fún ọ, ẹkún ni mo sun délé.

Ọ̀gbẹ́ni Awódélé, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ló là mí lóye. Ó ní kì í ṣe àrokò. Ó ní iléeṣẹ́ ọṣẹ yín l'Ékòó ń kó ọṣẹ lọ sí Jámánì, òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá ta ọjà gbọ́dọ̀ gba ohun tó fi dì í padà, kó má di ìdọ̀tí sí ìlú lọ́rùn, wọn a lọ páálí àtijọ́, á tún di tuntun, ọfà mẹ́ta yẹn sì ni àmì rẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu yà mí ju ojú tó tì mí lọ. Àwọn èèyàn yìí mà gbọ́n o! Ó ní àwọn oníbàárà wọn tiẹ̀ máa ń wá àmì yẹn kí wọ́n tó rajà. Mo ní èmi náà kúkú ń ṣe é. Ewúrẹ́ Fàòsíyà ń jẹ ewé ẹ̀kọ mi, ó ń ṣu ún sóko, ewé mìíràn ń hù níbẹ̀, mo tún ń já a wá pọ́n ẹ̀kọ. Mo bá fi èédú ya ọfà mẹ́ta sára pátákó ìsọ̀ mi. Ní báyìí, àwọn ìyàwó tíṣà yunifásítì ló ń wọ́ wá, wọ́n ní ẹ̀kọ mi bá òfin mu, kì í sì í ṣẹ́kù mọ́.

Mo ti ní kí Kọ́lápọ̀ dá páálí yín padà, kí ọlọ́pàá Jámánì má baà mú ọ. Ẹ̀kọ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, torí mi ò tíì pa àkùkọ yẹn, àgbàdo ẹ̀kọ mi ló sì ń jẹ.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ, ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá jẹ ẹ̀kọ tán, má da ewé rẹ̀ nù o. Èmi ni mo pọ́n ọn, èmi ni òfin ní kó gbà á padà. Má fi rán Kọ́lápọ̀. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá, Àbẹ̀ní, kí òfin má baà mú ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ìbídàpọ̀ ẹlẹ́kọ, ìyá rẹ.