Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Rẹ Ni Mo Fún Ẹ̀rọ Náà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí tó sọ mí di ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọ̀gá rẹ kò ní fojú burúkú wò ọ́, ohun tí o bá jẹ á ṣe ọ́ lóore. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níhìn-ín, wá ibi jókòó sí.

Ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo fi àjákù aṣọ oníbàárà kan rán àpò fún un kí òtútù má baà mú un, mo sì máa ń kí i láràárọ̀, nítorí ohun tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lórí fóònù bí mi nínú. O ní tí nọ́ńbà ṣúgà mi kò bá wálẹ̀ kí oṣù tó parí, o máa wá kó mi sọ́dọ̀ rẹ, kí n ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa. Èmi kọ́! Ta ni yóò máa rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò yìí? Kí n wá jókòó sójú fèrèsé rẹ, kí n máa wo mọ́tò?

Ni mo bá lo ọgbọ́n: mo ní kí n fi nọ́ńbà bàbá rẹ ránṣẹ́ sí ọ bí ẹni pé tèmi ni. Bàbá rẹ ni ara wọn le jù nínú àwa méjèèjì, inú ìkòkò kan náà la ti jọ ń jẹun, ẹ̀rọ náà kò sì béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, mo gún wọn níka, mo ní ìwọ lo ní kí n ṣe é. Nọ́ńbà tó jáde, tèmi kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí! Mo bú ẹ̀rọ náà, mo ní òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ ẹ́. Mo tún un ṣe, ó tún ga sí i.

Ìgbà yẹn ni mo wá wo bàbá rẹ dáadáa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀, tí à ń sọ pé ooru ni. Ìṣó bàtà gún wọn lẹ́sẹ̀ níjọ́sí, egbò náà kò jiná, wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn kò lọ síbì kankan, pé ẹ̀rọ kò lè sọ bí ara àwọn ṣe rí fún àwọn. Mo jókòó lé àpótí irinṣẹ́ wọn, mo ní kò síṣẹ́ lónìí títí a ó fi lọ. A lọ. Nọ́ọ̀sì ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígé ni wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó fọ egbò, ó fún wọn lóògùn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́. Ẹni tó ń tún bàtà gbogbo ayé ṣe!

Má bá mi wí o. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ká ní mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ni, bàbá rẹ ì bá ti di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ní báyìí wọ́n ti fi tíì aládùn sílẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí èmi náà mu ún lójú àwọn. A máa ń rìn dé òpin títì láràárọ̀, à ń jà lọ, à ń jà bọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó bébà tí ẹ̀rọ náà fi ń mu ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, èèyàn méjì ló ń bọ́ ọ báyìí. Fi ti bàtà rírọ̀ bàbá rẹ kún un. Ọlọ́run á bù kún àpò rẹ, o kò ní sunkún wa, a kò ní sunkún rẹ.

N kò ní wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ o, mo tún un wí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ìka tèmi ni mo gún. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣì ga díẹ̀, àmọ́ tèmi ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
195.