Orúnkún Tí Ó Kọ Ilẹ̀

Àtàláátà, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń kírun lórí àga oníke. Orúnkún ọ̀tún — Oníjà ni mo sọ ọ́ — kò gbà kí n kúnlẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi tipátipá tẹ̀ ẹ́, á dún kọ́ọ̀, gbogbo mọ́sálásí á gbọ́.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéwú pé ìgbà tí ẹrú sún mọ́ Olúwa rẹ̀ jù lọ ni ìgbà tí iwájú orí rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe àdúà fún Ràúdátù. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyàwó mi yìí ti kú. Lórí àga, mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé kò dé ibì kankan. Alfa Abdulhaleem, lèmámù wa, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ní àdúà orí àga ń gbà. Mo gbọ́. Ilẹ̀ ni mo ń fẹ́.

Àlàmísì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà
Bilal ọmọ mi fi agolo kan ránṣẹ́ láti Kánádà. Ìyẹ̀fun funfun. Kọ́lájìn. Ó ní ìyẹn ni okùn tó di egungun, awọ àti oríkèé mú, pé bí a bá ṣe ń dàgbà ni ara ń dín híhun rẹ̀ kù. Ṣíbí kan nínú tíì láràárọ̀. Salimat, ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló gbé fóònù náà dání fún wa. Ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò tíì fojú rí i.

Mo mu ṣíbí àkọ́kọ́. Kò dùn, kò korò. Ṣé nǹkan tí kò ní adùn lè lágbára?

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ọjọ́ kejì. Oníjà ṣì ń jà.

Àlàrùbá, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ó jọ pé mo rọ̀ díẹ̀. Mo ká ẹsẹ̀ dé ìdajì láàárọ̀ yìí. Àbí torí pé òjò kò rọ̀ lánàá ni? Mi ò mọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti mọ̀, ó wá wú.

Sátidé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà
Mo gbé. Mo lọ ra róòbù lọ́dọ̀ Olúyẹmí oníkẹ́míìsì, mo sì fi agolo hàn án kó lè yìn mí. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti bèèrè pé kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀? Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn o." Ohun tó wà lára agolo kò ju "láti ara ẹranko" lọ.

Ṣíbí mẹ́tàdínlógún! Mo fi ẹnu yìí kan náà kéwú.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé Alfa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní ohun tí mi ò mọ̀, Ọlọ́run kò ní bi mí. Èyí tí ọkàn mi bá ń ṣiyèméjì lé lórí, kí n fi sílẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Sùlé, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi ẹ̀rù ṣe sààrì." Mo ní kó má rẹ́rìn-ín. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Sọ́ńdè, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà
Bilal ní ti màlúù ni. Mo bi í pé ta ló pa màlúù náà, kí ló sì sọ kó tó dúńbú rẹ̀? Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Inú mi bàjẹ́ sí i, torí ó fi owó àti ìfẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n mo da ìyókù sórí ààtàn.

Mọ́ńdè, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà
Adìẹ Lami, aládùúgbò wa, ń ṣa ìyẹ̀fun náà jẹ. Ṣé a lè jẹ adìẹ yẹn báyìí? Mi ò tíì sọ fún Lami.

Àtàláátà, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà
Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Fate. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, Huda lorúkọ rẹ̀. Ọmọdé. Ó kúnlẹ̀ kí mi — mo jowú orúnkún rẹ̀.

Mo rò fún un láti orí agolo dé orí adìẹ. Ó ní ara fúnra rẹ̀ ló ń hun kọ́lájìn, ní ọ̀sán àti ní òru, kódà ní ọjọ́ orí tèmi. Nígbà tí mo sọ fún un pé ahunṣọ òfì ni bàbá mi, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ó tán, Bàbá! Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà, ìyẹn ni òwú. Ọsàn, gúrófà, ata tútù, ẹ̀fọ́, ìyẹn ni ọwọ́ ahunṣọ. Òwú ń bẹ, ọwọ́ ò sí, ta ló fẹ́ hun ún?" Mo bèèrè pọ̀nmọ́, torí mo ti ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ àti lálẹ́, pé awọ ló ń di awọ. Ó ní ikùn kò mọ pọ̀nmọ́ yàtọ̀. Yóò tú u palẹ̀ ni, kò ní gbé e lọ sí orúnkún fún mi. Kí n jẹ ẹ́ fún adùn, kí n má fi ọkàn tán an.

Ó bèèrè bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́. Mo ní Salimat ń bọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fún un dáadáa. Ó di orí mú. "Bàbá, omi tí ẹ ń fún dànù yẹn, ọwọ́ ahunṣọ ló ń bá a lọ!"

Ó tún ní kí n dín ṣúgà kù. Kí n yé jókòó sóòrùn ọ̀sán níwájú ilé, torí ó ń já okùn awọ. Kí n máa sùn. Kí n máa dìde, kí n máa jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, kí itan lè bá orúnkún gbé ẹrù. Nọ́ọ̀sì Má-ṣe ni màá máa pè é.

Àlàmísì, 2 Ọ̀kítóbà
Ìjà ẹ̀fọ́. Salimat ní, "Bí mi ò bá fún un, ó máa korò, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ pariwo." Mo ní mi ò ní pariwo. Ó wọ́n ọn sínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, tútù, lẹ́yìn tó ti gbé e kúrò lórí iná. Mo jẹ ẹ́. Ó rí bí oko. Mi ò pariwo. Ó ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Gúrófà pọ̀ ní ọjà Ìpàtà. Mo jẹ méjì. Ṣé kóró rẹ̀ kì í dí ìfun?

Sátidé, 11 Ọ̀kítóbà
Ṣúgà hóró kan nínú tíì. Márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Bí ẹni ń mu omi òjò.

Jímọ̀, 17 Ọ̀kítóbà
Mo ń di férémù ilẹ̀kùn mú, mo ń dìde, mo ń jókòó. Salimat ló ń kà. "Bàbá, ẹ fo mẹ́fà! Mo rí yín!" Mo ní mi ò fo nǹkan kan. Mo fo mẹ́fà.

Ní Jímọ̀ òní, nígbà tí gbogbo ìlà wólẹ̀, mo gbọ́ ìró aṣọ wọn, fììì, ẹ̀ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Èmi nìkan ni mo wà lókè. Ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni mò ń rí, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí mo wà láàárín wọn, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń wò wá láti òkè.

Àlàrùbá, 22 Ọ̀kítóbà
Fate. Nọ́ọ̀sì Má-ṣe tẹ orúnkún, ó yìn mí. Ó ní wíwú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, itan sì ti le sí i. Ayọ̀ mú mi bèèrè ọjọ́ tí n óò kúnlẹ̀. Ó ní èyí tó ti tán nínú oríkèé kò ní hù padà. Èyí tó kù ni à ń bọ́, kí ó má baà tètè tán. Kí n má gbìyànjú ilẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi." Mo wọ kẹ̀kẹ́. Salimat bi mí ohun tó sọ. Mo ní ó yìn wá.

Àlàmísì, 23 Ọ̀kítóbà
Mi ò jẹ gúrófà.

Sọ́ńdè, 26 Ọ̀kítóbà
Mo ń kọ èyí lórí bẹ́ẹ̀dì. Oníjà wú bí ìbẹ́pẹ, aṣọ tútù wà lórí rẹ̀. Lọ́la, mo ń padà sórí àga. Huda kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Lọ́sàn-án òní, Salimat lọ sí Ìpàtà. Mo ti kírun Àílà tán lórí àga. Mo wá gbé àga náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo di ògiri mú. Orúnkún òsì kọ́kọ́ lọ. Èkejì dún, ojú mi ṣókùnkùn — mo ti dé ilẹ̀. Iwájú orí mi kan ẹní. Ó tutù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ fún Ràúdátù fún ọdún méjì, mi ò rí ọ̀kankan. Mo kàn ń pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, kò ṣeé ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò bẹ̀rù. Mo dúró síbẹ̀.

Salimat wọlé, apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Bàbá ti ṣubú!" Mo sọ sínú ẹní pé mi ò ṣubú, kó fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé yóò sáré pe Lami. Kò lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dá èémí mi dúró kí n lè gbọ́.

Ó ní, "Bàbá, níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ bá mi dárúkọ Bilal."